Ṣàṣàrò

Ṣàṣàrò ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí Yorùbá ń lò nígbà tí ènìyàn bá fara balẹ̀ ro ọ̀ràn kan jinlẹ̀, pàápàá nínú ìwàásù, àdúrà àti ìwé kíkọ. Ṣe àti àṣàrò ló wọnú ara wọn. A lè tú àṣàrò náà bí a ṣe ń tú àṣàyàn: à- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ṣà ni kí a máa mú nǹkan lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, rò sì ni iṣẹ́ ọkàn gan-an.

Rò yìí lọ́mọ púpọ̀. Ó bá inú pàdé, ó di ronú. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ti àárín nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e, nítorí náà a ń sọ pé "rò ó" ṣùgbọ́n "ro ọ̀rọ̀ náà". Òun náà ló wà nínú èrò, àròkọ àti àròkàn. Àròkàn jìnnà sí àṣàrò: ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ń ro àròkàn, kì í ṣe àṣàrò.

Bíbélì ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Abẹ́òkúta sì wà lára ibi tí iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ti gbèrú. Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend dá ibùdó CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1846, Crowther sì ń bá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. "Ṣe àṣàrò" wà nínú Jóṣúà 1:8 àti Orin Dáfídì 1:2, níbi tí a ti ń ṣe é nínú òfin Olúwa tọ̀sán-tòru. Lóde òní, dípò "nínú", "lórí" ni ọ̀pọ̀ ń fi tẹ̀ lé e.

Lọ́jà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, "Ẹ lọ rò ó wò" ni ìyá aláṣọ máa wí, kò ní ní kó lọ ṣàṣàrò. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aké, "Ẹ jẹ́ ká ṣàṣàrò lórí ẹsẹ kejì" bá ẹnu oníwàásù mu.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo àṣàrò. Àsáró, iṣu tí a fi epo àti ata sè, gòkè lẹ́yìn sílébù àkọ́kọ́, kò sì ní àmì lábẹ́ s.