Bí àká kóòdù ṣe di ohun tí à ń kọ́ sílé ara wa

Láti ọdún 2002 ni àwọn tó ń kọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń tọ́jú kóòdù wọn sínú BitKeeper, ìyẹn àká tó ń pa kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀ mọ́, tí oníléeṣẹ́ rẹ̀ yá wọn lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àdéhùn. Nígbà tí Andrew Tridgell, ará Ọsirélíà, ń wádìí bí ètò náà ṣe ń bá sáfà rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀) sọ̀rọ̀, oníléeṣẹ́ bínú, ó gba ohun ìní rẹ̀ padà. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, á ṣò.

Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, kò tún yá ti ẹlòmíràn. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git, àká kóòdù tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Nínú CVS àti Subversion, àwọn ètò àká tó ṣáájú Git, orí sáfà kan ṣoṣo ni ìtàn kóòdù máa ń wà. Ti Git yàtọ̀: ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà, gbogbo ìtàn náà látòkèdélẹ̀ ló gbé lọ sílé. Kò sí àká kan tó jẹ́ ọ̀gá lórí èkejì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2011 la rí èrè rẹ̀. Àwọn olè wọ sáfà kernel.org, ibi tí kóòdù Linux ń gbé, wọ́n sì ní láti ti ojúlé náà pa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ta ni ìbá mọ̀ bóyá wọ́n ti yọ́ májèlé sínú kóòdù? Àmọ́ Git a máa ṣírò orúkọ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 40 fún àyípadà kọ̀ọ̀kan, láti inú ohun tó wà nínú rẹ̀ àti orúkọ èyí tó ṣáájú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlà àtijọ́ kan, orúkọ gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa yí padà, àwọn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri ayé á sì tú u fó. Torvalds gbé ẹ̀dà tirẹ̀ sí GitHub, ojúlé tó ń gba àká Git àwọn ènìyàn sílé, fúngbà díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

GitHub, tó dé ní 2008, rọrùn débi pé gbogbo wa tún padà sábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn. Ní 2015, Google Code, ojúlé tí Google fi ń gba kóòdù àwọn ènìyàn sílé, kéde pé òun ń ti ilẹ̀kùn. Gitorious, irú ojúlé bẹ́ẹ̀, náà lọ lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń fi GitLab, ètò tí ènìyàn lè gbé sórí sáfà ara rẹ̀, kọ́ àká tiwọn, tàbí Gitea, tó yapa kúrò lára Gogs, ètò mìíràn bẹ́ẹ̀, ní 2016, tí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi lè gbé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀dà wà ṣe kókó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ẹnìkan já wọ àkáǹtì tí Code Spaces, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú kóòdù, ń lò lórí sáfà tó yá lọ́dọ̀ Amazon. Kóòdù àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí 12, ó ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì rẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé.