Ṣípà tàbí irin 8: èwo ni ká mú lẹ́bàá gríìn?

Bàbá kan wá bá mi lọ́sàn-án Sátidé kan ní pápá iléèwé tí a ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ wo èèyàn láti òkè délẹ̀. Wọ́n mú igi kan dání, wọ́n fi tówẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun.

"Kóòṣì, ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Ó ní òun mọ̀ pé lẹ́bàá gríìn ni ìyà ti ń jẹ mí."

"Ẹ kú oríire, sà. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Mo tú tówẹ̀lì náà. Ṣípà ni, ó ń dán yanran, ó sì lójú méjì: ẹ lè fi iwájú rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá a. Ibi tí à ń dì mú lára rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú bíi ti pọ́tà. Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gbé e mì. Màá padà sórí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Fún ẹni tí kò tíì di igi gọ́ọ̀fù mú rí: gríìn ni ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tí ihò wà nínú rẹ̀. Pọ́tà la fi ń ti bọ́ọ̀lù lórí ibẹ̀. Ojú pọ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, dígíríì mẹ́ta sí mẹ́rin ló fi dà sẹ́yìn. Wẹ́ẹ̀jì ni ti ẹni tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò sókè kó sì jókòó síbi tó bá bọ́ sí. Èyí tí à ń lò nínú báńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn, lè dà sẹ́yìn tó dígíríì 56. Àárín àwọn méjèèjì ni ṣípà wà. Ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn bíi ti irin 7 tàbí irin 8 (àwọn igi olórí irin tí à ń fi nọ́ńbà pè), nǹkan bíi dígíríì 35, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ kúrú bíi ti pọ́tà, nǹkan bí íǹṣì 35. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rọ ọ́ fún: bọ́ọ̀lù yín ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kó dé gríìn, koríko díẹ̀ wà láàárín, ẹ fẹ́ kó fò kọjá koríko yẹn, kó balẹ̀ sórí gríìn, kó máa yí lọ bá ihò.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí kì í fẹ́ kí wọ́n bá ṣípà nínú báàgì àwọn. Igi arúgbó ni wọ́n ń pè é. Èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí mo ṣì ń ru báàgì gẹ́gẹ́ bíi kádì n'Íbàdàn, bí oníbàárà bá ti yọ ṣípà jáde, àwa kádì á máa fojú bára wa sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ ọdún kan ló là mí lójú. Èmi náà ti ń gbá a nígbà yẹn, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n gbá. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó le kankan. Bọ́ọ̀lù mi ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó dé gríìn, mo yọ wẹ́ẹ̀jì. Ìsàlẹ̀ wẹ́ẹ̀jì báńkà nípọn, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà rì sínú iyanrìn ni. Lórí ilẹ̀ líle, ṣe ló ta padà bí ìgbà tí ọkọ́ bá ba àpáta. Etí igi bá bọ́ọ̀lù láàárín, bọ́ọ̀lù sì sá kọjá gríìn bí eku tí wọ́n fi igi lé. Mo lọ bá a lódìkejì, mo tún gbá a, ó tún sá padà síbi tó ti wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ọ̀gá kan tí a jọ ń gbá a kò sọ nǹkan kan. Ṣípà ni wọ́n yọ, wọ́n rọra tì í, bọ́ọ̀lù yí lọ títí, ó dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ihò. Kádì mi ń wojú ọ̀run bí ẹni ń retí òjò.

Oore tí ṣípà ń ṣe, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe é fún. Ẹni tó bá di wẹ́ẹ̀jì mú, ojú igi tó dà sẹ́yìn yẹn á máa sọ fún un pé bọ́ọ̀lù yìí ní láti lọ sókè. Dípò kó fi igi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, òun náà á fẹ́ ràn án lọ́wọ́: á yí ọrùn ọwọ́ sókè bí ẹni ń fi ìgbakọ bu ọkà nínú ìkòkò. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Bí igi bá kọ́kọ́ ba ilẹ̀, ilẹ̀ á ya, bọ́ọ̀lù á rìn ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí igi bá ti ń lọ sókè kó tó débẹ̀, etí rẹ̀ á gé bọ́ọ̀lù láàárín, ó di irú eré tí mo ṣe lọ́yẹ́ ọjọ́sí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí kò tíì ṣe méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún síra wọn.

Ẹ wá fi ṣípà lé ẹni kan náà lọ́wọ́. Ó jọ pọ́tà, ó kúrú bíi pọ́tà, ìdúró pọ́tà lonítọ̀hún á dúró sí. Èjìká ni yóò máa fì lọ fì bọ̀, ọrùn ọwọ́ á sinmi. Kò sẹ́ni tó ń fi pọ́tà bu nǹkan. Dígíríì 35 yẹn á gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn náà sì tó. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n lójijì nígbà tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kékeré (àìsàn tó ń bá àwọn àgbà òṣèré gọ́ọ̀fù náà jà ni), mo ti rí i tí ṣípà mú un padà sínú eré.

Gbígbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ní Amẹ́ríkà, Paul Runyan kò ga, kò sì lágbára láti gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ọgbọ́n ìtòsí gríìn ló gbẹ́kẹ̀ lé, irú gbígbá tó jọ ti pọ́tà yìí ló sì ń kọ́ àwọn èèyàn. Ó gba PGA Championship, ọ̀kan lára àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù, ní 1934, ó tún gbà á ní 1938. Sam Snead ló bá pàdé ní àṣekágbá ti 1938, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ jìnnà kọjá tirẹ̀ dáadáa. Runyan ti fi ihò 8 ṣáájú nígbà tó ku ihò 7 péré, ni ọ̀rọ̀ bá parí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo ní kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì wọn gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Méjì ló ṣeé wò. Mo ní kí wọ́n fi ṣípà gbá mẹ́wàá. Méje ló dúró nítòsí agolo tí a rì mọ́lẹ̀ ṣe ihò. (Ẹnu ihò gọ́ọ̀fù jẹ́ mìlímítà 108, agolo wàrà ẹlẹ́bu ńlá kò jìnnà sí i.) Ojú Bàbá ń tàn.

"Ẹ mú irin 8 yín, sà."

Mo ní kí wọ́n dì í mú nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ rọ́bà ti fẹ́ parí. Kí wọ́n sún mọ́ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí igi, níbi tí ọ̀pá ti wọ irin, á gbé sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, tó jẹ́ pé ṣóńṣó irin lódìkejì ló kan koríko. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí bọ́ọ̀lù wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ara fi ẹsẹ̀ òsì tì. Kí wọ́n wá gbàgbé pé irin 8 ni, kí wọ́n gbá a bíi pọ́tà. Mẹ́fà dúró nítòsí agolo. Wọ́n tún gbá mẹ́wàá mìíràn: méje.

Wọ́n wò mí. "Kóòṣì, ṣé ẹ ń sọ pé owó ọmọ mi ti wọgbó?"

"Rárá o, sà. Ṣípà ló kọ́ ọwọ́ yín. Ohun tó kọ́ wọn lẹ fi irin 8 ṣe yẹn."

Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má tíì ra ṣípà. Irin 8 ti wà nínú báàgì rẹ. Fi oṣù kan gbá a bí mo ṣe júwe rẹ̀ yìí. Bí ọrùn ọwọ́ rẹ bá ṣì ń bu ọkà lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tí ìdí igi tó gbé sókè ń dà ọ́ lọ́kàn rú, ra ṣípà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rọ́nà lọ gbá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn, bóyá ní pápá oníhò 9 tó wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, kò ráyè tí yóò fi kọ́ wẹ́ẹ̀jì mẹ́ta. Ọ̀dọ́ tó ń gbá gọ́ọ̀fù lójoojúmọ́ ni mi ò lè gbà láyè láti ra ṣípà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wẹ́ẹ̀jì ni yóò fi rí èyí tó kù.

Ìgbà tó wá kan òfin ni mo sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. USGA ti Amẹ́ríkà àti R&A ti Scotland ló ń ṣòfin gọ́ọ̀fù. Lójú wọn, igi tí ojú rẹ̀ bá dà sẹ́yìn ju dígíríì 10 lọ kì í ṣe pọ́tà, ohun yòówù kó jọ. Ara irin ni ṣípà wà, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin irin. Ojú kan ṣoṣo ni irin gbọ́dọ̀ ní. Ibi tí à ń dì mú lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí roboto, kò gbọdọ̀ tẹ́ bíi ti pọ́tà. Ṣípà Bàbá rú òfin méjèèjì. Bí wọ́n bá fi gbá bọ́ọ̀lù kan péré nínú ìdíje, wọ́n á yọ wọ́n kúrò. Bó bá kàn wà nínú báàgì tí wọn ò lò ó, kò sí ìjìyà, àmọ́ wọ́n á kà á mọ́ igi 14 tí òfin gbà wá láyè láti gbé. USGA ló kọ́kọ́ fi iye yẹn sí i ní 1938, R&A tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ní ti igi 14, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi má dààmú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni igi 7 péré wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé lókè òkun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó sanwó: olójú kan, ọwọ́ roboto. Àwọn olójú méjì ń bẹ lọ́jà dáadáa, ẹni tó ń tà á kò ní sọ.

Ṣípà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ má gbé e wọ báńkà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ìyá oníṣòwò aṣọ tí kò gbà kí ohun tí òun ti fowó rà jókòó lásán, gbé e wọ ibẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi gbin iṣu. Nígbà òjò tí koríko bá ga tó sì tutù, koríko á wé mọ́ ọrùn ṣípà, bọ́ọ̀lù ò ní kúrò nínú rẹ̀. Bí báńkà bá wà láàárín ẹ̀yin àti ihò, kò lè gbé bọ́ọ̀lù fò ó. Láàárín oṣù December sí February ló ń jọba lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ilẹ̀ le tí koríko sì kúrú.

Èyí tó tún le jù ni pé bọ́ọ̀lù ṣípà kì í tètè dúró. Ìṣirò kan wà tí àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù máa ń lò, ó sì rọrùn: ẹ yọ nọ́ńbà irin kúrò nínú 12. Irin 8 ku 4: bí bọ́ọ̀lù bá fò ní ìṣísẹ̀ kan, yóò yí ní mẹ́rin. Irin 9 ku 3. Wẹ́ẹ̀jì kékeré (pitching wedge), tó dúró fún 10, ku 2. Ká ní ihò jìnnà sí yín ní ìṣísẹ̀ 10, tí ẹ sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 2, èyí tó ku 8 ni yóò yí: irin 8 tàbí ṣípà nìyẹn. Ká ní ìṣísẹ̀ 6 ni gbogbo rẹ̀, tó ń balẹ̀ ní 2, èyí tó ku 4 ni yóò yí. Wẹ́ẹ̀jì kékeré ni. Bí ẹ bá mú ṣípà síbẹ̀, ẹ múra láti lọ ṣa bọ́ọ̀lù lódìkejì. Gríìn tó tẹ́jú la fi ń ṣe ìṣirò yìí. Lórí àwọn pápá tí kò ní koríko lórí gríìn, tó jẹ́ iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ẹ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ wá ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ kí ẹ tó wo ihò. Mo máa ń tẹ́ hańkáṣíìfù sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì máa ń yọ agolo kúrò pátápátá, kí ojú wọn má baà sá lọ síbẹ̀. Hańkáṣíìfù ni kí wọ́n bà.

Bàbá ti fi irin 8 wọn gbá ìdíje kékeré kan n'Íbàdàn láti ìgbà yẹn, ọkàn wọn sì balẹ̀ síbi tó kù kí wọ́n dé gríìn. Ṣípà olójú méjì wà nílé. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ń fi í gbá bọ́ọ̀lù lágbàlá. Ọ̀kan nínú wọn ń lo ọwọ́ òsì, ojú ẹ̀yìn yẹn ló sì ń lò. Ìyá rẹ̀ àgbà ò yéé pariwo mọ́ ọn láti ojú fèrèsé pé kó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a.