Ta ló so òjò mọ́lẹ̀? Ẹ lọ yẹ máàpù yín wò

Láàárín oṣù méjì péré, èèyàn márùn-ún ló ti gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì yìí pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, máàpù òjò mi jáde o, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Lóòótọ́, etí òkun á hàn, ààlà Nàìjíríà á hàn, inú ẹ̀ á wá funfun báláú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ iléèwé tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ gbèjà prójẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ti gbààwẹ̀ sí i. Ó ní kì í ṣojú lásán, ṣebí kóòdù yẹn ṣiṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ òun, ó wá dé ọ̀dọ̀ òun, ó kọ̀. Mo ní gbé e wá kí n wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé láti kọ.

Mi ò ní máa sọ bí wọ́n ṣe ń fi Python sórí ẹ̀rọ tàbí bí xarray ṣe ń ṣí fáìlì NetCDF tí dátà òjò wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò le, ẹni tó bá ti dé ìdí máàpù yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé nọ́ḿbà inú fáìlì yín ò mọ ibi tóun wà láyé, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Cartopy, irinṣẹ́ Python tó ń ya máàpù. Projection tẹ́ ẹ yàn, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí máàpù rí lójú nìyẹn. Transform tiẹ̀ yàtọ̀, òun ló ń sọ èdè tí dátà yín ń sọ. Tó bá jẹ́ longitude àti latitude lásán, `transform=ccrs.PlateCarree()` lẹ máa kọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ Robinson, ì báà jẹ́ Mercator lẹ fi ya máàpù. Tẹ́ ẹ bá fò ó, Cartopy á gbà pé èdè máàpù ni dátà náà ń sọ, Mercator ò sì mọ degree, mítà ló ń kà. Adó yìí wà ní bíi 7.6 lápá àríwá, 5.2 lápá ìlà oòrùn. Cartopy á ka ìyẹn sí mítà márùn-ún lé díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, mítà méje lé díẹ̀ sókè, láti ibi tí òdo méjèèjì ti pàdé. Ṣẹ́ ẹ mọ ibẹ̀? Inú òkun ni, nísàlẹ̀ Ghana. Gbogbo òjò Nàìjíríà, láti Bádágìrì dé Màìdúgùrì, ti lọ há sí ibi tí kò fẹ̀ ju fúláàtì kan lọ lágbami. Òjò ọmọ yẹn ò sọnù, òkun ló ń rọ̀ sí, ààwẹ̀ ò sì lè wọ́ ọ bọ̀ wá sókè.

Àwọn àṣìṣe yòókù, kíákíá. Longitude ERA5, dátà ojú ọjọ́ gbogbo ayé látọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, lọ láti 0 dé 360, kì í ṣe -180 dé 180, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà á wà níbí, Senegal á wà lọ́hùn-ún bí ẹni tí ẹbí lé jáde, láìnì kan tàbí méjì ló ń tún un ṣe. Mítà ni wọ́n fi ka òjò ẹ̀, ẹ fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀ kó di mìlímítà kẹ́ ẹ tó pariwo pé ọ̀dá dé. Ẹ sì fi Basemap, irinṣẹ́ máàpù àtijọ́ yẹn, sílẹ̀ jọ̀ọ́, àwọn tó ṣe é gan-an ti ní ká kó lọ sí Cartopy, fídíò àtijọ́ lẹ ṣì ń wò kiri.

Àmọ́ ohun tó bí mi nínú tí mo fi ń kọ eléyìí kọ́ nìyẹn o. Bàbá kan ni, tó ń gbin kókó lọ́nà Ọ̀mùò. Ó tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì mi, ńlá, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó, ó ń dán gbinrin. Gbogbo Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún, àwọ̀ ń ṣàn láti búlúù bọ́ sí yẹ́lò bọ́ sí pupa bí aṣọ òde. Ọmọ kan tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló tà á fún un, ó ní ibi tó bá ti búlúù lòjò ti ń pọ̀. Ilẹ̀ bàbá bọ́ sí yẹ́lò. Ilẹ̀ kan níwájú, kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ, bọ́ sí búlúù. Bàbá lọ háyà ilẹ̀ yẹn, ó kó ọmọ kókó lọ síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ gbẹ. Ó wá ní àwọn ará ibẹ̀ ló so òjò mọ́ òun, babaláwo kan sì ti gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé òun á tú u.

Mo ní bàbá, ẹ ní kí ọmọ yẹn fi fáìlì tó lò ránṣẹ́. ERA5 ni. Àpótí kan nínú ERA5 jẹ́ 0.25 degree, ìyẹn bíi kìlómítà 28 láti etí kan sí èkejì lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: gbogbo ilẹ̀ Èkìtì ò ju bí àpótí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ. Nọ́ḿbà mẹ́sàn-án, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún! Níbo làwọ̀ yòókù ti wá? Contourf, àṣẹ tó ń kun àwọ̀ sórí máàpù, ló pò ó. Á wo nọ́ḿbà àárín àpótí yìí, á wo ti ẹnìkejì ẹ̀, á wá fa àwọ̀ láàárín méjèèjì bí ẹni ń po ọ̀dà. Kò purọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́, ẹni tó tà á fún àgbẹ̀ bíi pé ó mọ òjò oko dé oko ló purọ́. Mo wá ibi tí ilẹ̀ bàbá méjèèjì wà, inú àpótí kan náà ni. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo! Ẹnikẹ́ni ò so òjò, owó bàbá ni wọ́n so mọ́ àpò.

Àṣẹ míì, pcolormesh, ni kẹ́ ẹ máa lò, kí àpótí hàn bó ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ sì fi shading='nearest' sí i tó bá jẹ́ àárín àpótí ni longitude àti latitude inú fáìlì ń tọ́ka sí, torí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ matplotlib, irinṣẹ́ Python tó ń ya àwòrán, máa ń ti máàpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìdajì àpótí, ìdajì àpótí sì tó bíi kìlómítà 14, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó òjò Adó lọ sí Ìkẹ̀rẹ́ nìyẹn. Fún ọ̀rọ̀ oko, CHIRPS, dátà òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti òṣùwọ̀n òjò orí ilẹ̀ ṣe, sàn, àpótí ẹ̀ ò ju bíi kìlómítà márùn-ún àbọ̀ lọ, ó sì ní òjò láti 1981. Síbẹ̀ náà, kì í ṣe ti oko kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òjò oko ara ẹ̀, kó gbé agolo síta kó máa wọ̀n ọ́n.

Mo tún un yà fún bàbá níṣojú ẹ̀, àpótí ràbàtà ràbàtà. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé máàpù nìyí? Ó jọ táìlì balùwẹ̀."

Mo ní bó ṣe rí nìyẹn, sà. Ó bi mí ní iye ẹ̀, mo sọ ọ́, ó ní ẹni tó ṣe tèyí tó ń dán gan-an ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó ki máàpù ẹ̀ bọ abíyá, ó jáde.