Òwú Ṣẹ́dà Lórí Igi: Ibi Tí Àmì 樂 Ti Ṣẹ̀

Ẹ fi àmì ìkọ̀wé Ṣáínà yìí, 樂, han ará Beijing. Ó lè pè é ní yuè, ìyẹn orin. Ó sì lè pè é ní lè, ìyẹn ayọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Confucius, amòye Ṣáínà àtijọ́, tó ní omi ló ń wu ọlọgbọ́n, òkè ló ń wu onínúure, yào ni àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ń kà á. Àwa tí a ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní ya ẹnu, àfi pé àwa ní àmì ohùn. Ti Ṣáínà, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò tọ́ òǹkàwé sọ́nà.

Xu Shen, ọ̀mọ̀wé Ṣáínà tó parí ìwé atúmọ̀ àmì ìkọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 100 lẹ́yìn Kristi, ní ìlù ni àmì náà: ìlù ńlá láàárín, kékeré lọ́tùn-ún lósì, igi tó gbé wọn dúró nísàlẹ̀. Ilé onílù ni wọ́n ti bí wa, ìbá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Xu Shen kò rí egungun tó ní ìkọ̀wé tí wọ́n hú ní Anyang, ìlú kan ní Ṣáínà. Ọdún 1899 ni ọ̀mọ̀wé Wang Yirong ṣàkíyèsí pé “egungun dírágónì” tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe oògùn ní ìkọ̀wé lára. Egungun èjìká màlúù àti ìkarahun ìjàpá ni, wọ́n ti lé ní 3,000 ọdún. Ẹ wo 樂 lára wọn: ìdì òwú méjì tó lọ́ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó méjì, lórí igi tó ní ẹ̀ka àti gbòǹgbò. 白 àárín rẹ̀, tí Xu Shen pè ní ìlù ńlá, kò sí níbẹ̀ rárá! Ìgbà ìjọba Zhou, tó tẹ̀ lé ìgbà egungun wọ̀nyí, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, lára ohun èlò idẹ.

Ọ̀mọ̀wé Luo Zhenyu ló là á: òwú ṣẹ́dà tí wọ́n ta sórí igi ni, ohun èlò olókùn bíi qin. 白 sì ni ohun tí wọ́n fi ń ta okùn náà. Òun ni mo gbà gbọ́. Qin jẹ́ pákó gígùn olókùn méje, ṣẹ́dà sì ni okùn rẹ̀ láti ayébáyé, òwú kòkòrò bíi ti sányán wa. Àwọn kan ní igi óákù ni, nítorí orúkọ ìlú ni àmì náà dúró fún lára egungun. Orúkọ ìlú kì í sọ ohun tí wọ́n yà.

Báwo ni orin ṣe di ayọ̀? Xunzi, amòye Ṣáínà àtijọ́ mìíràn, ti sọ ọ́ tipẹ́: orin, ayọ̀ ni. Ẹ gbọ́ ará Jàpáánù, gaku àti raku; ẹ gbọ́ ará Guangzhou, ngok àti lok. Ìró k tó parí wọn ti bọ́ lẹ́nu ará Beijing, yuè àti lè sì ti jìnnà síra wọn. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní 1956, ìjọba Ṣáínà sọ 樂 di 乐, láti inú ìkọ̀wé ayára. Jàpáánù ń kọ 楽. Ní Taiwan àti Hong Kong, ìdì òwú méjèèjì ṣì wà lórí igi.