Iná ẹ̀yìn ń tàn, iná bíréèkì kò tàn: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó a máa kìlọ̀ pé àwọn yóò fọwọ́ líle mú ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò bá pé. Ìkìlọ̀ yìí máa ń rú àwọn tó ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ lójú, ìbáà jẹ́ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná tàbí Hilux tó ti dàgbà, nítorí pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ń tàn lójú wọn, síbẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ní àwọn kò rí iná.

Iná ẹ̀yìn mi ń tàn dáadáa. Báwo ni wọ́n ṣe wá ní n kò ní iná bíréèkì?

Iná méjì ló ń gbé inú gílóòbù kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù ẹ̀yìn: ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5, òun ló ń tàn bí ẹ bá tan iná alẹ́, èkejì jẹ́ wáàtì 21, kì í sì í tàn àfi bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ọ̀kan lè jó kí èkejì ṣì wà láàyè.

Ẹ tún wo ìdí gílóòbù náà. Ẹ ó rí orí ìṣó kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í sí òdì. Ẹni tó bá fi agídí tì í wọlé lódìlódì, iná alẹ́ rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ rokoṣo, iná bíréèkì rẹ̀ yóò sì máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rò pé ẹ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣé bíréèkì fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́?

Rárá. Ọkọ̀ lè dúró dáadáa láìní iná bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni iná lè tàn lára ọkọ̀ tí kò lè dúró.

Ibo ni kí a ti kọ́kọ́ wò?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni kò tàn tàbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà kò kọjá gílóòbù, ilé rẹ̀ tàbí waya ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ lọ sí ibi fíúsì, lẹ́yìn náà kí ẹ wo súíìṣì tó sábà máa ń wà lókè pẹ́dà bíréèkì. Bí waya méjì péré bá wọ súíìṣì náà, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ so wọ́n pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí iná bá tàn, súíìṣì ló ti kú.

Bí mo bá tẹ bíréèkì, tíráfíkétọ̀ ló ń tàn bàìbàì. Mo ti pààrọ̀ gílóòbù títí, kò yí padà.

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Iná tó bá ti bátìrì jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì, irin ara ọkọ̀ sì ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn, èyí tí àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ló ń jìyà jù nínú ọkọ̀: wọ́n ń da iyanrìn sí i, wọ́n ń kó ewúrẹ́ sí i, òjò ń pa á, títí bọ́ọ̀tù tó so waya mọ́ irin yóò fi dípẹtà. Bí iná kò bá wá rí ọ̀nà àbọ̀ gbà, yóò ya gba inú okùn tíráfíkétọ̀ àti ti iná alẹ́, bí àgbàrá tí wọ́n dí ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń ya wọ ojúlé olójúlé.

Ẹ wá waya gígùn kan. Ẹ fi ọ̀kan nínú orí rẹ̀ méjèèjì kan irin ilé gílóòbù, kí ẹ fi èkejì kan orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹnì kan sì tẹ bíréèkì. Bí iná bá mọ́lẹ̀ lójijì, ẹ fi owó gílóòbù sápò: ẹ tú bọ́ọ̀tù ẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sánpépà ha irin náà títí yóò fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ sì fi gírísì bò ó. Ẹni tó bá ní mítà lè fi í sí ojú ibi méjì kan náà nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Bí ó bá kọjá ìdajì fólítì, ẹ́ẹ̀tì kò dára. Ríwáyà tó bá dárúkọ iye owó gílóòbù kó tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Wọ́n fi waya kópà rọ́pò fíúsì, iná sì ti tàn. Ṣé ó burú?

Ó burú púpọ̀. Iná bíréèkì méjèèjì pọ̀ kò gbà ju áńpì 4 lọ, ṣùgbọ́n bí waya kan bá bó, tí ó sì kan ṣaasí, bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ fíúsì ni kí ó já kí nǹkan mìíràn má bàa jó. Kópà kì í tètè já, nítorí náà rọ́bà ara waya ni yóò kọ́kọ́ yọ́, waya yẹn sì ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, níbi tí táǹkì epo wà. Fíúsì tó ń já léraléra ń sọ fún yín pé waya ti bó níbì kan. Ẹ wá ibẹ̀ rí.

Iná bíréèkì mi kì í kú, àní lẹ́yìn tí mo bá pa ọkọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rọ́bà kékeré kan wà lára pẹ́dà tó ń ti súíìṣì náà wọlé. Rọ́bà yẹn máa ń gbó, á fọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́, súíìṣì á sì máa ṣe bí ẹni pé ẹ ṣì tẹ bíréèkì. Bátìrì lè kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣé kí n fi gílóòbù LED, irú tí kò ní okùn nínú, sí i?

Ẹ tún ẹ́ẹ̀tì ṣe ná.

Kò sí ẹni tí yóò bá mi wo ẹ̀yìn.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri lálẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì wo ògiri nínú díńgí. Igi tí ẹ bá fi ti pẹ́dà mọ́ àga náà ń ṣiṣẹ́.

Bí iná náà bá kú lójú ọ̀nà ńkọ́?

Lọ́sàn-án, ẹ na ọwọ́ òsì síta fèrèsé, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè sódò kí ẹ tó dín eré kù. Lálẹ́, kò sí ẹni tí yóò rí ọwọ́ yín. Ẹ rọra yà kúrò lójú títì, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì wo fíúsì. Bí kò bá jẹ́ fíúsì, ẹ sùn síbi tí ẹ bá dé.