Olùkọ́ orin ò sí nínú ọ̀fun rẹ

Ẹni tó bá ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìkórè á ti gbọ́ ọ rí. Bí ẹni tó ń dá orin bá ṣi ohùn gbé, ìyá kan lẹ́yìn á ní, "Ta ló tiẹ̀ kọ́ eléyìí lórin?" Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló kọ ọ́ nílé kó tó wá. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ náà fara hàn: pé ọwọ́ olùkọ́ ni ohùn wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà sanwó, kó dé lásìkò, kó la ẹnu. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́, kí o fara dà á, ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ténọ̀, ohùn òkè ti ọkùnrin, ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin kan nítòsí Ìtòkú. Orin kan wà tó ń gbé wa lọ sókè fíofío. Gbogbo ìgbà tí a bá ti débẹ̀ ni ọ̀fun mi ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata sí i. Bí olùkọ́ bá ní, "Ṣé ó wà dáadáa?", màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tí ohùn mi há pátápátá, ó wò mí títí, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" N ò rí èsì fọ̀.

Olùkọ́ ò kúkú lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun mi. Tán-án-ná ló ń gbé ohùn jáde, awẹ́ ẹran méjì nínú gògóńgò, tí èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró ń mú gbọ̀n. Bí tírébù, ẹni tó ń kọ ohùn òkè ti obìnrin, bá kọ ohùn "A" tí àwọn onífayolíìnì fi ń tún okùn wọn ṣe, awẹ́ méjèèjì á pàdé nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan o! Ohun tó jáde nìkan ni olùkọ́ ń gbọ́. Olùkọ́ orin kan, Manuel García, ọmọ Spéìnì tó ń kọ́ni ní London, wá ọ̀nà àtirí i ní 1854: ó ti dígí kékeré àwọn oníṣègùn eyín bọ ọ̀fun, ó fi dígí mìíràn darí oòrùn sí i. Ọ̀fun ara rẹ̀ ló wò.

Àwọn mìíràn kì í di ẹrù náà ru olùkọ́, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń dì í rù. Wọ́n á ní ẹ wo ìdílé Ransome-Kuti: Àlùfáà Josiah kọrin Yorùbá sínú àwo ní London ní 1922, Fela ọmọ ọmọ rẹ̀ sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Fela náà lọ sí London ní 1958, ó sì kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́ni ní sọ́fà, dò-rè-mí tí a fi ń kọ́ orin.

Ẹyin tútù tí à ń dà mu kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà oúnjẹ ló ń bá lọ. Bí a bá ń gbé nǹkan mì, tán-án-ná á pa dé kí oúnjẹ má bàa wọ kòmóòkun. (Bí ẹyin bá débẹ̀, ikọ́ lo máa wú, kì í ṣe orin.) Orógbó náà ò débẹ̀. Omi pàápàá, inú ara ló ń gbà dé tán-án-ná, nítorí náà èyí tí o mu láti àárọ̀ wúlò ju èyí tí o gbé mì lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lọ.

Bí o bá pariwo níbi ìnáwó lánàá, sọ fún olùkọ́. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lálẹ́ Sátidé. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló kàn. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé a rò pé ẹni tó bá ní "ó ń dùn mí" ń bá àgbà jiyàn. "Ẹ má bínú, sà, ibi òkè yìí ń ta mí lọ́fun, ṣé kí n kọ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀?" Kí ni àfojúdi níbẹ̀? Olùkọ́ tó bá sì ní ìrora ló ń mú ohùn gbó, fi í sílẹ̀; yíyan olùkọ́ wà nínú ẹrù tìrẹ.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé oṣù méjì láàárín wa nawọ́ sókè: "Sà, ibẹ̀ yẹn ń ta mí." Olùkọ́ dúró, ó fa orin náà wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí a jáde, àwa ténọ̀ mẹ́ta la lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.