Bí The Horn ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn akéwì Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù la sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lójú tèmi, ó yẹ ká ti inú ìwé ewì pélébé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fúnra wọn ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀: The Horn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1958.

Àwọn kan ti ṣíwájú rẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí University Herald, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, fi dé. Chinua Achebe wà lára àwọn tó ṣe olóòtú rẹ̀ nígbà tó ń kàwé, inú rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ jáde lára àwọn ìtàn kéékèèké tó wá kó sínú Girls at War ní 1972. Ṣùgbọ́n Herald kì í ṣe ti ewì nìkan, ewì sì fẹ́ ilé tirẹ̀.

Ẹni tó dá àbá ilé yẹn ni Martin Banham, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ìwé ewì kan, Poetry and Audience, jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gba J. P. Clark, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, níyànjú pé káwọn náà ṣe irú rẹ̀. Clark ò jẹ́ kí àbá náà tutù. Òun gan-an ló di olóòtú àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ sì gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ìwé náà ò tóbi, kò sì ní ẹwà ìwé àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ewì lè rí i lọ́wọ́ ojúgbà rẹ̀ kó tó gbàgbé ìdí tó fi kọ ọ́, kó gbọ́ ìyìn, kó gbọ́ àtakò, kó tún un kọ. Ní 1960, Ibadan University Press tẹ Nigerian Student Verse 1959 jáde, Banham ló ṣà á jọ, inú The Horn sì ni ewì ibẹ̀ ti wá.

Ọdún yẹn kan náà ni Wọlé Ṣóyínká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, kọ àròkọ sínú The Horn lórí ọjọ́ ọ̀la ìwé kíkọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Négritude wí, ìyẹn àwọn òǹkọ̀wé tó ń fi jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú yangàn. Ó ní ẹtu kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹtu ni. Bó ṣe ń fò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó fi ẹkùn sọ lẹ́yìn náà, pé ẹkùn kì í kéde pé ẹkùn ni òun, ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ẹtu ló ṣíwájú, inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ti fò jáde.

Nígbà tó yá, Clark fi iṣẹ́ olóòtú sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Abíọ́lá Ìrèlé ṣe é, Dàpọ̀ Adélúgbà náà ṣe é. Ní 1964, The Horn dákẹ́. Ìṣòro gbogbo irú ìwé báyìí ni pé bí olóòtú bá ti mọ iṣẹ́ dunjú tán ló máa ń gboyè, tó sì máa ń lọ. Àmọ́ nígbà yẹn, ní Nsukka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ The Muse láti 1963.